Akọ̀wé Ló Gbé E

"Akọ̀wé ló gbé e," ni Ṣàkírù wí kí Kàfáyàtù tó ti ilẹ̀kùn takisí dé. "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. A ti mọ olè. Ẹ kàn bá wa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

"Bẹ́ ẹ bá ti mọ olè, kí lo wá ń fọn fèrè lábẹ́ fèrèsé mi sí? Mo ní exam lọ́jọ́ Monday o."

"Torí ó máa purọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú onírọ́."

Kàfáyàtù ò lè jiyàn ìyẹn. Ẹ̀kọ́ nípa òfin àti ìwà ọ̀daràn ló ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kíláàsì kọ́ ló ti mọ olè. Ilé ìtajà ńlá kan ní Matteson ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa múra bí oníbàárà, kó máa rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ láàárín aṣọ àti bàtà, kó máa fi igun ojú wo àwọn tó ń ki nǹkan bọ abẹ́ kóòtù. Iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ilé ìwé rẹ̀ láti ìgbà tí ilé ò ti lè fi ohunkóhun ránṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Chicago lọ́dún 1984 yẹn. Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba nílé, bàbá tó tilẹ̀ ní náírà lápò ò rí dọ́là fi ránṣẹ́ sọ́mọ. Ọmọ kọmíṣánnà àti ọmọ àgbẹ̀ wá jọ ń fọ ilẹ̀ ọsibítù kan náà, wọ́n jọ ń sùn nínú kíláàsì kan náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ilé baba ẹnì kejì mọ́.

"Kí ni Akọ̀wé gbé?" Kàfáyàtù béèrè.

"Thesis Bọ̀dá Wọ̀yìn!"

Kàfáyàtù gbàgbé exam. Ta ni ò mọ̀ nípa ìwé yẹn? Ọdún mẹ́ta gbáko ni Adéwọ̀yìn fi ń kọ ọ́, nípa omi kànga àti ohun tó ń bà á jẹ́. Lọ́sàn-án, Ṣàkírù á máa wa takisí yìí. Lálẹ́, Adéwọ̀yìn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé ìwé lé orí ìjókòó iwájú, á máa kà á níbi tí iná bá ti dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n ti bá a tẹ̀ ẹ́ tán báyìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti buwọ́ lù ú, ó wà nínú páálí tí wọ́n ń kó pépà sí. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ní ìbuwọ́lù nìyẹn. Lónìí ọjọ́ Friday yìí, kí aago márùn-ún tó lù, ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ilé ìwé. Bí kò bá dé ibẹ̀, Adéwọ̀yìn ò parí nìyẹn. Á tún di ẹni tó ń wá owó sáà mìíràn kiri.

"Ta ló rí Akọ̀wé nígbà tó gbé e?"

"Ìyàwó Olúyẹmí. Ojú ara ẹ̀ ló fi rí i."

Akọ̀wé tí Ṣàkírù ń wí ni Ọmọ́wálé Ògúnbọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní mi orí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó kọjá. Adéwọ̀yìn dìde níbẹ̀, ó fìtìjú bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ lórí owó sáà tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn ti ń nawọ́ sókè láti gbà fún un kí Ọmọ́wálé tó fò dìde. Ó ní bí wọ́n bá fún ọkùnrin yẹn ní sẹ́ǹtì kan, kí wọ́n wá akọ̀wé mìíràn. Wọ́n bi í pé kí ló dé, kò fèsì. Adéwọ̀yìn mú fìlà rẹ̀, ó jáde, àwọn méjèèjì ò sì kí ara wọn láti ọjọ́ náà.

"Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú," ni Ṣàkírù wí.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," Kàfáyàtù dá a lóhùn. "Kọ́kọ́ wà mí débẹ̀ ná."

*

Ilé náà wà ní Hyde Park, lókè kẹta. Olúyẹmí Bádéjọ ló yá a. Òun ti bá tíréènì àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Naperville, kò ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́; àbúrò rẹ̀ sì ti lọ sílé ìwé. Stella ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì pé oṣù kan tó ti ilé dé, wà ní kíṣìnnì. Adéwọ̀yìn, tó gba yàrá kékeré lọ́wọ́ wọn, jókòó ti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó di kọ́ọ̀pù tíì mú.

Kàfáyàtù kúnlẹ̀ kí i, ìkúnlẹ̀ Chicago, èyí tí eékún kì í kan ilẹ̀. "Bọ̀dá Wọ̀yìn, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ta ló pè ọ́? Ṣàkírù, ṣé mo rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń dúró de kí wọ́n rán òun nírú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ibo lẹ gbé páálí náà sí, sà?" Kàfáyàtù béèrè.

"Orí tábìlì."

"Ẹ ti wá a kiri ilé?"

"Ibo ni mo fẹ́ wá a sí? Ó ti lọ nìyẹn." Ó mu tíì.

Kàfáyàtù yọjú sí yàrá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ nigínnigín, ìwé tò lórí pákó, bàtà dúró légbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́dọ̀ wọn ní Matteson, bí pọ́ọ̀sì obìnrin bá sọnù lóòótọ́, á tú gbogbo ara rẹ̀ wò, á tún yẹ inú bàtà ọmọ rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ pọ́ọ̀sì náà ò lè wọ inú bàtà ọmọ. Kì í ṣe ọgbọ́n ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìrora ni. Kàfáyàtù wo yàrá tó tò yìí, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Ní kíṣìnnì, Stella kúnlẹ̀ fún un, ìkúnlẹ̀ gidi ti ilé. Kàfáyàtù yára fà á dìde.

"Stella, sọ ohun tó o rí fún mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Àǹtí. Mò ń fọ abọ́ níbí. Bọ̀dá Ọmọ́wálé tẹ̀ wá láago, wọ́n ń béèrè Bọ̀dá Wọ̀yìn. Mo ní wọ́n ti gbé ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo wo ojú fèrèsé báyìí, mo rí Akọ̀wé tí wọ́n gbé páálí náà mọ́ àyà, wọ́n ń lọ kíákíá. Mo rò pé Bọ̀dá Wọ̀yìn ló rán wọn ni, mà."

"Ẹ gbọ́ ọ?" Ṣàkírù pàtẹ́wọ́. "Akọ̀wé! Ṣé mo purọ́?" Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀.

Láti pálọ̀ ni Adéwọ̀yìn ti kígbe, "Ẹ fi ọmọdé yẹn sílẹ̀ o! Kò ṣe nǹkan kan!"

Kàfáyàtù dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lù ọ́ lójú gbogbo ayé, tí o ò kí láti ìgbà náà, òun lo tún ń gbèjà? Ó wo ojú Adéwọ̀yìn, Adéwọ̀yìn sì wo aago ara ògiri.

*

Inú yàrá kóńkóló onígíláàsì kan lẹ́nu géètì ibi tí àwọn dókítà ọsibítù ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ti bá Ọmọ́wálé, tó wọ ìbọ̀wọ́ tí ó ti gé orí ìka rẹ̀ kó lè rí ìwé ṣí. Ìwé ìṣirò owó wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ kejì sì wà lórí bọ́tìnnì tó ń ṣí géètì.

"Níbo lo wà láàárọ̀ yìí?" Kàfáyàtù béèrè.

"Ibi tó o bá mi yìí. Mo gba shift lọ́wọ́ Jìbírílù kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mo bá fi ibí sílẹ̀, géètì ò ní ṣí, gbogbo dókítà yẹn á máa fọn fèrè lé mi lórí. You can ask anybody."

"Irọ́!" Ṣàkírù ti orí bọ fèrèsé. "Wọ́n rí ẹ tó o gbé thesis Bọ̀dá Wọ̀yìn!"

Ojú Ọmọ́wálé yí padà. "Thesis ti sọnù? Lónìí?" Ó dìde, orí rẹ̀ gbá àjà yàrá náà. "Aago mélòó ló lù báyìí?"

Kàfáyàtù ń wò ó. Olè tí wọ́n bá ká mọ́, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbèjà. Eléyìí ò tíì gbèjà ara rẹ̀, aago ló ń béèrè.

"Ta ló ní òun rí mi?"

"Stella, ìyàwó Olúyẹmí."

"Stella ò dá mi mọ̀! Orí fóònù nìkan la ti ń sọ̀rọ̀, mi ò tíì fojú kàn án rí. Wọ́n ní kí n wá kí ìyàwó tuntun, ìgbà wo ni mo ráyè? Tí mo bá kúrò níbí, kíláàsì ni."

"Kí lo tẹ Bọ̀dá Wọ̀yìn láago sí láàárọ̀?"

"Kí n bi í bóyá ó ti fi ìwé yẹn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kàfáyà, ìwọ náà gbà pé mo kórìíra ẹ̀gbọ́n yẹn. Agbọ́tẹnìkan dájọ́, òṣìkà èèyàn. Òun ló wá pàdé mi ní airport nígbà tí mo dé. Kóòtù rẹ̀ ni mo fi la winter mi àkọ́kọ́ já."

"Kí ló wá dé tó o ní kí wọ́n má fún un lówó?"

Ọkọ̀ kan dé, Ọmọ́wálé tẹ bọ́tìnnì, ó dúró kó kọjá. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìwọ tó o gbọ́n, ro ó wò. Owó kí ló ń bẹ̀ fún?"

*

Nínú takisí, wọ́n ti kọjá iná méjì. Kàfáyàtù ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣàkírù, ṣé o ti gbéyàwó?"

"Àǹtí, kí ni mo fẹ́ fi gbé e?"

"Ìdí tí etí ẹ fi di nìyẹn. Lẹ́nu kan náà ni Stella ti sọ pé Bọ̀dá Ọmọ́wálé tẹ̀ láago, tó tún sọ pé òun rí Akọ̀wé. Bí ẹni kan náà bá ni, kí ló dé tó fi pè é ní orúkọ méjì? Stella ò tíì dé ìpàdé rí. Ta ló sọ fún un pé Ọmọ́wálé ni akọ̀wé wa?"

Ṣàkírù ronú. "Ta wá ni akọ̀wé mìíràn?"

"Ìyá mi ní ọkùnrin kan tó ń pè ní Agùntáṣọọ́lò, ó ní òmíràn tó ń pè ní Eyínfúnjowó. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àbúrò bàbá mi ni wọ́n, pé wọ́n ní orúkọ gidi. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ àná. Á wo ohun tó dára lára rẹ̀, á fi ṣe orúkọ fún un. Dá ọkọ̀ dúró níbi fóònù yẹn."

Ó ki owó bọ ẹnu fóònù ẹ̀gbẹ́ títì, yìnyín ń fẹ́ lù ú létí. Stella ló gbé e.

"Stella, kí lorúkọ àbúrò ọkọ ẹ?"

Stella rẹ́rìn-ín. "Háà, Àǹtí! Ẹ fẹ́ kí n pe ọkọ mi lórúkọ?"

"Jọ̀ọ́, kí lo ń pè é?"

"Akọ̀wé ni, mà. Pẹ́ẹ̀nì kì í kúrò lápò wọn. Mo ti bu oúnjẹ wọn sílẹ̀, tí wọ́n bá ti school dé."

Kàfáyàtù gbé fóònù kọ́. Dayọ̀ Bádéjọ ni, ọmọ ogún ọdún tí Olúyẹmí mú wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá, tí Adéwọ̀yìn ń kọ́ ní ìṣirò láìgba nǹkan kan. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Adéwọ̀yìn ń gbé inú ilé yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ tí Stella ń pe Dayọ̀ ní Akọ̀wé. Nígbà tó kígbe pé kí wọ́n fi ọmọdé yẹn sílẹ̀, kò sí Ọmọ́wálé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ti mọ ẹni tí páálí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì jókòó, ó ń mu tíì.

*

Ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ yunifásítì ni Dayọ̀ ti ń fọ abọ́, ooru omi gbígbóná bò ó. Ó rí Kàfáyàtù, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kanlẹ̀, kò sì gbé ojú sókè mọ́.

"Èmi ni mo gbé e, Àǹtí. Ẹ máa pè mí lólè."

"Mi ò tíì pè ọ́ ní nǹkan kan. Níbo lo ti gbé e?"

"Mi ò lè sọ, mà."

"Ṣé orí tábìlì?"

Ó mú abọ́ mìíràn, ó ń fọ̀ ọ́.

"Gbé e wá kí n rí i."

Abẹ́ pákó tí wọ́n ń to àwo sí ló ti fà á jáde. Súwẹ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi wé e, òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kàfáyàtù gbé páálí náà súnmọ́ ojú. Ọmọ náà ti nù ún dáadáa, ṣùgbọ́n èèpo àlùbọ́sà kan há sí igun rẹ̀, omi tíì sì ti rin ìdí rẹ̀. Ó ṣí i. Ìwé inú rẹ̀ ò bàjẹ́.

"Dayọ̀, páálí orí tábìlì kì í ní èèpo àlùbọ́sà. Inú garawa ìdọ̀tí lo ti yọ èyí."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni, mo rí Bọ̀dá Wọ̀yìn. Wọ́n sọ ọ́ sínú ẹ̀, wọ́n wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n tún da ìdọ̀tí lé e. Wọn ò rí mi. Àǹtí, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n sọ irú ẹ̀? Ojú á tì wọ́n. Mo ní kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀, pé wọ́n á kábàámọ̀, wọ́n á máa wá a, èmi á wá sọ pé mo kàn rí i níbì kan ni."

"Kò wá a."

"Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn," Dayọ̀ wí. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ ń wọ ojú náà.

Àánú ọmọ yìí ṣe Kàfáyàtù dénú egungun. Ó ti mú olè tó pọ̀, kò tíì mú olè tó fẹ́ràn ẹni tó jà lólè tó báyìí. Ó mú súwẹ́tà, ó fún un. "Wọ̀ ọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé wọ́n ń pè ọ́ nílé."

*

Ó ní kí Dayọ̀ àti Ṣàkírù dúró sínú ọkọ̀, òun nìkan gun òkè. Adéwọ̀yìn wà níbi tí wọ́n fi í sí. Kàfáyàtù gbé páálí náà ka iwájú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, aago yẹn lẹ̀ ń dúró dè. Ẹ fẹ́ kí ó lu márùn-ún kí a ṣì máa wá olè kiri."

Adéwọ̀yìn gbé ojú kúrò lára aago.

"Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó ti kọ̀wé tán, kí ló ń fi owó sáà mìíràn ṣe? Ọmọ́wálé rí i. Kò sọ ọ́ síta, kí ojú má baà tì yín. Ó gbà kí gbogbo wa máa pe òun ní ìkà. Lónìí, ẹ fi wá sílẹ̀ ká lọ pè é ní olè."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bá a lọ́wọ́ ẹ̀," Adéwọ̀yìn wí. Ó gbé ọwọ́ lé páálí, ó tún gbé e kúrò. "Kò dáa. Mo mọ̀ pé kò dáa."

"Kí ló dé, sà?"

Adéwọ̀yìn gbé kọ́ọ̀pù tíì sílẹ̀. "Àbúrò mi méjì wà ní yunifásítì nílé, ọ̀kan ní Ifẹ̀, ọ̀kan ní Ìlọrin. Takisí yẹn ló ń bọ́ wọn. Ìwé tó gbà mí láyè láti wà ní ìlú yìí, ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọjọ́ tí mo bá parí, mi ò kí ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Kí n padà sílé, kí n máa kiri ọ́fíìsì, kí àwọn ọmọ yẹn sì jókòó tì mí? Kàfáyàtù, kíláàsì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa forúkọ sílẹ̀ fún, kí n ṣì máa wa ọkọ̀. Bí mo bá ní mi ò fẹ́ parí, wèrè lẹ máa pè mí. Ṣùgbọ́n bó bá sọnù, ta ló máa bi mí?"

"Ẹ dẹ̀ lè ki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Ó dùn mí." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ó dùn mí débi pé mi ò lè padà wo ibẹ̀."

Kàfáyàtù náà mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn dúró láàárín bàtà olówó ńlá, kó máa ṣírò ohun tí wọ́n máa jẹ nílé. Ó kàn sọ òtítọ́ tó mọ̀. "Wọ́n máa ń fún ẹni tó bá parí láyè láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nídìí ohun tó kọ́. Ẹ lè béèrè."

"Bí wọn ò bá fún mi ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nísàlẹ̀ tó fi súwẹ́tà rẹ̀ wé ìwé yín, tó sì ń fi ṣẹ́ẹ̀tì kan rìn nínú yìnyín. Kì í ṣe nítorí owó ló ṣe gbé e. Ó gbà pé bí ẹ̀yin bá lè parí, òun náà á parí." Ó dìde. "Tiyín ni. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé e sọ nù, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ mọ́. A wà nínú ọkọ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síwájú ọkọ̀. Ṣàkírù bi í, ó fi ìka lé ẹnu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ilẹ̀kùn ilé. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń tètè ṣú níbẹ̀ ní December. Obìnrin kan jáde pẹ̀lú ajá. Ọkùnrin kan wọlé. Ṣàkírù pa ẹ́ńjìnnì, ó tún tan án.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adéwọ̀yìn ni, ó ti wọ kóòtù, páálí wà lábíyá rẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣàkírù, sáré."

Ṣàkírù wa ọkọ̀ yẹn bí ẹni tí ọlọ́pàá ò sí láyé. Adéwọ̀yìn sáré gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, àwọn tó kù dúró sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ nítorí òtútù. Aago ilé ìjọsìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Dayọ̀ di apá Kàfáyàtù mú.

Nígbà tí Adéwọ̀yìn jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Wọ́n gbà á," ó wí. "Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì yẹn ti wọ kóòtù, ó ń lọ ilé. Ó bọ́ ọ, ó gbà á." Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá lára Ṣàkírù, ó kọjá lára Kàfáyàtù, ó dé iwájú Dayọ̀. Àgbà ọkùnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yìnyín fún ọmọ ogún ọdún.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí!" Dayọ̀ ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó na gbalaja níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gbẹ́ni aláwọ̀ funfun kan tó ń ṣọ́ ọgbà náà sáré dé. "Everything all right here? They hurt?"

"They're fine, sir," Kàfáyàtù dá a lóhùn. "They're brothers."

Ọ̀gbẹ́ni náà wò wọ́n títí, ó mi orí, ó ń lọ.

"Dìde, Dayọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde, sà."

"Mo ní dìde!"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè dìde kí ẹ wà nílẹ̀. Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Ẹ̀yìn Adéwọ̀yìn ń mì. Bóyá ẹkún ni, bóyá ẹ̀rín ni, Kàfáyàtù tó ń fi wíwo ara èèyàn jẹun ò wádìí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn, ó na ọwọ́ kan sí àgbà, ó na ọwọ́ kejì sí ọmọdé, ó sì fa àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.